Ọwọ́ Ike Lára Búútà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi fi ọwọ́ òsì gbé ife ẹ̀kọ gbígbóná fún mi, ó ní, "Ẹ má bínú, Tíṣà, ọwọ́ òsì ni o."

Mo dá a lóhùn bí mo ti máa ń dá a lóhùn láti ìgbà tí àrùn ẹ̀gbà ti mú apá ọ̀tún rẹ̀. Mo ní, "Ẹni tó ní méjì là ń bá wí, Ìyá Múnírátù."

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó fi àgbọ̀n júwe búútà tó wà lẹ́bàá ògiri. "Ọwọ́ rẹ̀ ti ń mì. Lọ́jọ́ kan ẹ ó gbé e pẹ̀lú omi, yóò sì já sílẹ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ yìí dé Ìlú Òyìnbó!"

Mo ní kí a tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ó ní rárá, kí ó di ọ̀la, nítorí òun ni yóò di ara búútà náà mú, ó sì rẹ òun díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe é tipẹ́. Bí nǹkan bá yẹ̀ nílé wa, òun á dì í mú, èmi á so ó. Kódà nígbà tó ku ọwọ́ kan, ó máa ń fi orúnkún kún un. Ọ̀la náà kò bá a láyé.

Nítorí búútà yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará ilé ti ń bi mí léèrè ohun tí ojú mi rí ní Ìlú Òyìnbó láyé ọjọ́un, kí ilẹ̀ wa tó gba òmìnira. Òtútù ni mo máa ń sọ fún wọn pé mo rí. Kì í ṣe òtútù nìkan.

Lórí omi

Tíṣà ni mí ní Ìwó nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan fẹ́ dá ibi tí wọn yóò ti máa to kẹ́tùlù pọ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ara kẹ́tùlù yóò ti ibì kan wá, ọwọ́ rẹ̀ tó jẹ́ ike yóò ti ibòmíràn wá, àwọn ènìyàn wa yóò sì máa so wọ́n mọ́ra. Wọ́n ń wá ẹni tó gbọ́ èdè wọn tí yóò lọ kọ́ ọ, kó sì padà wá kọ́ àwọn yòókù. Èmi ni wọ́n mú. Bí mo bá mọ̀ ọ́n ṣe, iṣẹ́ yóò wà fún àwa ará ibí. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, wọn yóò dá mi padà, wọn yóò sì lọ wá ẹlòmíràn ní ìlú mìíràn. Àwọn géńdé Ìwó àti Kuta àti Ilé-Ogbó tí ilẹ̀ oko kò tó mọ́ ti ń pè mí ní ọ̀gá kí n tó di ẹrù mi.

Bàbá ìyàwó mi, tó jẹ́ aáfà, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní, "Wòó, ohun tí o kò bá lè ṣe níwájú mi, má ṣe é níwájú wọn. Ojú wọn kò ju ojú mi lọ."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo gbọ́.

Òkun kò jọ Odò Ọbà. Ẹni tó bá dúró létí Ọbà ń rí òdìkejì, ó sì lè ké sí ẹni tó wà níbẹ̀. Lórí òkun, òdìkejì kò sí. Èébì gbé mi ṣánlẹ̀ títí mo fi rò pé ọkọ̀ náà ń lọ sí ibi tí kò ní èbúté. Ọkùnrin kan láti Ìjẹ̀bú tí a jọ wà ní yàrá ni ó ń fún mi ní bísíkíìtì gbígbẹ jẹ. Ó ní, "Tíṣà, bí ẹ bá ti rí i pé ẹ̀fọn kò sí mọ́, ẹ mọ̀ pé a ti sún mọ́ ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó." Òótọ́ ni. Ẹ̀fọn lọ, òòrùn náà sì bá a lọ.

Ìlú tí wọn kì í kí ènìyàn

Òjò wínníwínní ni a bá ní èbúté Liverpool. Mo kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé pé wọ́n kú iṣẹ́, wọ́n kú òtútù, ní èdè tiwọn. Púpọ̀ nínú wọn wẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé Birmingham níbi tí iṣẹ́ wà, mo ti dákẹ́. Èéfín ń rú lórí gbogbo ilé. Lójú mi, agboolé alágbẹ̀dẹ ni gbogbo ìlú náà.

Opó kan tó ti dàgbà ni ó gbà mí sílé. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ó wọ yàrá mi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀," ó sì kúnlẹ̀ níwájú mi.

Ara mi bù máṣọ. Àgbàlagbà obìnrin, irun orí rẹ̀ funfun báláú, ni ó ń kúnlẹ̀ kí mi! Mo fò dìde lórí ibùsùn, mo ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà! Ẹ dìde!" Kí n tó mọ̀, èmi náà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí iwájú rẹ̀.

Ó yíjú sí mi láti orí eékún rẹ̀, ìṣáná lọ́wọ́. Iná ni ó fẹ́ dá síbi ààrò tó wà nínú ògiri. Ó ní, "Ṣé nǹkan rẹ bọ́ sílẹ̀ ni, ọmọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A jọ wá a fún ìgbà díẹ̀.

Oúnjẹ wọn mọ́, ó sì pọ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí oúnjẹ ẹni tí kò gbádùn. Ọ̀dùnkún bíbọ̀, ẹ̀fọ́ bíbọ̀, ẹran bíbọ̀. Ìyàwó mi ti lọ ata gbígbẹ sínú agolo mílíìkì kan fún mi. Mo máa ń tú u jẹ díẹ̀díẹ̀ bí oògùn. Nígbà tí ó bá ṣe mí bíi pé kí n padà sílé, mo kàn máa ń ṣí ìdérí rẹ̀ ni, n ó gbọ́ òórùn rẹ̀, n ó sì dé e padà.

Tábìlì tí kẹ́tùlù ti ń ní ọwọ́

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí òun ni ìdí ọ̀rọ̀. Ìyẹ̀fun dúdú kan bí èlùbọ́ ni wọ́n ń dà sínú irin gbígbóná. Wọn á tẹ̀ ẹ́ pa. Bí wọ́n bá ṣí i, ọwọ́ kẹ́tùlù ti wà níbẹ̀, ó ń dán, ó le. Láti ìgbà náà lọ, kò tún ní rọ̀ mọ́, bí a tilẹ̀ gbé e sí iná. Ìdí nìyẹn tí sísopọ̀ rẹ̀ fi ṣòro. A kò lè jó o mọ́ irin bí alágbẹ̀dẹ ti ń jó irin mọ́ irin. A kò lè kan ìṣó mọ́ ọn bí igi, yóò là. Ihò ni wọ́n ti dá sí i. A ó gbé e sáàárín etí méjì tó wà lára kẹ́tùlù, a ó ki ìṣó bàbà kékeré bọ inú ihò náà, a ó fi wọ́ṣà pẹlẹbẹ bí òrùka sí i, a ó wá fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á lu orí ìṣó náà fẹ̀, kò sì ní jáde mọ́.

A jókòó tẹ̀lé ara wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì gígùn. Kẹ́tùlù ń ti ọwọ́ ọ̀tún mi wá. Màmá kan tí wọ́n ń pè ní Dóòrà jókòó sí ọwọ́ òsì mi. Àwọn ni wọ́n ń fi ìdérí sí i. Gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ń fi ọ̀tún mú èyí tó ń bọ̀, wọ́n sì ń fi òsì gbé èyí tó parí fún ẹni tó tẹ̀lé wọn, láìwo ojú ara wọn.

Èmi kò lè ṣe é. Màmá Dóòrà tó ìyá mi lọ́jọ́ orí. Báwo ni n ó ṣe na ọwọ́ òsì sí wọn, kí n sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́? Bí mo bá parí ọ̀kan, n ó yí gbogbo ara padà, n ó fi ọ̀tún gbé e fún wọn, n ó sì tẹrí ba díẹ̀. Kí n tó yí padà, mẹ́ta ti wọ́ jọ dè mí.

Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀. "Ẹ wo ọba Áfíríkà! Ó ń forí balẹ̀ fún kẹ́tùlù!"

Fúránkì, ọ̀gá tó ń bojú tó wa, dúró lẹ́yìn mi. Ó ní, "Ijó wo lò ń jó níbí?"

Mo ní, "Mò ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ni, sà."

"Ọwọ́ rẹ yá, mo rí i. Ìṣó rẹ gún. Ṣùgbọ́n o ń dí gbogbo tábìlì lọ́nà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fún ọ. Bí kẹ́tùlù bá ṣì ń wọ́ jọ níwájú rẹ, n ó sọ fún wọn pé kí wọ́n dá ọ padà sílé."

Mo ro àwọn tó ti ń pè mí ní ọ̀gá. Mo ro bàbá ìyàwó mi. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò gba inú orí kan.

Nígbà tí a dúró mu tíì, Màmá Dóòrà dojú kọ mí. "Ìwọ, ṣé mò ń rùn ni?"

"Rárá o, Màmá!"

"N kì í ṣe màmá rẹ. N kò bí ẹnì kankan. Kí ló dé tí o fi ń lọ́ bí ẹni tí èèrà wọ̀ láṣọ, kí o tó lè gbé kẹ́tùlù lásán fún mi?"

Mo sọ fún wọn. Mo ní àgbà ni wọ́n, pé nílé wa, ẹni tó bá fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan, ó bú u ni. Wọ́n bi mí pé kí ni ọwọ́ òsì ṣe. Mo ṣàlàyé ohun tí à ń fi ọwọ́ òsì ṣe ní ilé ìyàgbẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí wọn láṣọ. Wọ́n nu aṣọ wọn, wọ́n sì wò mí.

Wọ́n ní, "Wá jẹun nílé mi ní ọjọ́ Àìkú. Ó yẹ kí ọkọ mi rí ọ."

Ilé Dóòrà

Ẹja ni wọ́n sè. Wọ́n ti gbọ́ pé èmi kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì ti fọ ìkòkò náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ẹni tí kò gba "màmá" ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ọkọ wọn, Ẹ̀ríìkì, ti inú yàrá jáde wá. Apá aṣọ ọ̀tún rẹ̀ ṣófo, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un mọ́ ara aṣọ. Ogun Bọ́mà ni apá náà kù sí. Ó tọ́jú ife tíì kan, ó rìn wá, ó sì nà án sí mi. Ọwọ́ òsì ni.

Màmá Dóòrà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọn kò mira.

Ọ̀rọ̀ bàbá ìyàwó mi wá sí mi lọ́kàn. Mo bi ara mi pé, bí ó bá ṣe pé àwọn ni wọ́n wà níbẹ̀, kí ni wọ́n máa ṣe? Mo dìde, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà, mo tẹrí ba.

Ẹ̀ríìkì ní, "Ìyàwó mi ní ẹ̀yin kì í gba nǹkan lọ́wọ́ òsì."

Mo ní, "Bàbá, ẹni tó ní méjì là ń bá wí."

Ẹ̀ríìkì fa àga kan sún mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó tì mí, ó ní kí n gbé ata mi jáde, òun ti jẹ ata àwọn ọmọ ogun wa ní Bọ́mà, ẹ̀rù rẹ̀ kò ba òun. Ó bu ṣíbí kan. Omijé rẹ̀ dà bí òjò. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Níjọ́ tí mo fẹ́ ọ, o kò sunkún tó báyìí." Ó ní, "Níjọ́ yẹn, n kò tíì mọ ohun tí mo kó sí."

Bí a ti ń jẹun, mo sọ fún wọn pé ní èdè wa, ọwọ́ ènìyàn àti ọwọ́ kẹ́tùlù, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Màmá Dóòrà ní, "Ọwọ́ ni à ń fún kẹ́tùlù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn?"

Ẹ̀ríìkì fi àgbọ̀n júwe èjìká rẹ̀. "Ẹ bá mi gbé ọ̀kan bọ̀. Dúdú náà dára."

Ẹ̀rín pa wá. Ṣùgbọ́n kí n tó lọ, ó mú mi yí ilé náà ká. Ìlẹ̀kùn ń ṣí sí òsì. Àga rẹ̀, àtùpà rẹ̀, ìkọ́ aṣọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà ní òsì. Ó ní, "Nígbà tí mo padà dé, Dóòrà kò ní kí n yí padà. Ilé ni ó yí."

Mo rí i tí Màmá Dóòrà gbójú sókè láti ibi tí wọ́n ti ń palẹ̀ àwo mọ́.

Òdìkejì tábìlì

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Màmá Dóòrà ti dúró ti Fúránkì kí n tó dé.

"Yí ẹ̀rọ rẹ̀ sí òdìkejì tábìlì, kí ó dojú kọ ibí."

"Nítorí kí ni?"

"Bí ó bá wà lọ́hùn-ún, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni yóò wà lápá ọ̀dọ̀ mi. Òsì ni yóò fi máa mú nǹkan lórí tábìlì. Tábìlì kì í ṣe àgbà ẹnì kankan."

"Dóòrà, ilé-iṣẹ́ ni ibí, kì í ṣe ilé ìjọsìn."

"Ìwà ọmọlúàbí ni mò ń sọ, Fúránkì. Mo mọ̀ pé o kò mọ̀ ọ́n."

Gbogbo tábìlì hó yèè. Fúránkì kùn, ṣùgbọ́n ó mú sípánà. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju àpótí ìjókòó lọ, nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀. Mo jókòó sí òdìkejì, mo sì bẹ̀rẹ̀. Òsì mú, ẹsẹ̀ tẹ̀, ọ̀tún fi fún Màmá Dóòrà. Kí a tó mu tíì, kò sí kẹ́tùlù kan tó wọ́ jọ mọ́.

Láti ibẹ̀, Màmá Dóòrà ń wo iṣẹ́ mi lójúkojú. Bí mo bá tẹ ẹ̀rọ jù, wọn á kan ọwọ́ kẹ́tùlù náà pẹ́pẹ́, wọn á ní, "Má fún un pa. Bí iná bá mú irin, irin á wú, ike kò ní bá a wú. Fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè mí." Mo kọ́ bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ tí yóò dúró ṣinṣin síbẹ̀ tí yóò ní àyè.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ náà, Fúránkì dé, ó mú ọ̀kan nínú èyí tí mo ṣe, ó fa ọwọ́ rẹ̀, ó mì í, ó gbé e kalẹ̀, ó sì lọ láìsọ nǹkan kan. Màmá Dóòrà ní, "Ó ti yìn ọ́." Èmi kì bá tí mọ̀.

Ilé

Wọ́n gbà mí láyè láti mú kẹ́tùlù kan tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe wálé. Ìyàwó mi yí i wò síwá sẹ́yìn, ó ní ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń sè tíì sí, búútà àlùwàlá ni. Ó sì di búútà láti ọjọ́ náà.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé orí ife tíì, ó gbé ọwọ́ lérí. "Ọwọ́ òsì! Ẹ sì gbà á?"

"Mo gbà á."

Ó ronú díẹ̀. "Ká ní ẹ kọ̀ ọ́ ni, inú ìbá bí mi sí yín."

Iṣẹ́ Ìbàdàn náà dúró fún ọdún mélòó kan, àwọn ọmọ tiwa sì jẹun níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kógbá sílé. Mo padà sí ilé-ìwé.

A dàgbà. Nígbà tí àrùn ẹ̀gbà mú ìyàwó mi, mo yí ilé. Mo gbé ìkòkò omi lọ sí òsì, mo yọ ìdábùú ìlẹ̀kùn, mo sì kàn án sí òdìkejì. Ó ń wò mí láti orí ẹní. Ó ní, "Tíṣà, mo ti di ọkọ Dóòrà o." Nígbà tí ó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, èmi ni mo ń gbé búútà náà, èmi ni mo ń da omi sí i lọ́wọ́.

Iyanrìn

Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ ìyàwó mi, tí àwọn àlejò ti lọ, ọmọ mi Múnírátù ra búútà tuntun wá láti ọjà. Rọ́bà ni látòkè délẹ̀, ara rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n rọ. Kò sí ibi tí a ti so nǹkan mọ́ nǹkan.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé èyí tó ń mì yẹn mọ́. Ẹ jẹ́ kí n jù ú nù."

Mo ní, "Fi í síbẹ̀."

Mo dúró títí ó fi lọ sí ọjà ní ọ̀sán. Mo kó irin iṣẹ́ mi jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo jókòó. Nígbà náà ni mo rí i pé n kò ní ẹni tí yóò dì í mú. Bí mo bá fi ọwọ́ kan di ara rẹ̀, ọwọ́ kan kò tó fún nọ́ọ̀tì. Mo fi orúnkún mú un bí ìyàwó mi ti máa ń ṣe, ó yọ̀ sọnù. Mo tún gbìyànjú, ó tún yọ̀. Mo gbé e sílẹ̀, mo sì jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo bu iyanrìn tútù láti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi, mo rọ ọ́ sínú búútà náà títí ó fi kún dé ọrùn. Mo gbé e kalẹ̀. Ó wúwo, kò mira. Ọwọ́ mi méjèèjì ṣófo.

Mo yọ ìṣó bàbà tó ti tú. Mo gé wọ́ṣà lára sálúbàtà ìyàwó mi tó ti gbó. Mo ki nọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́, mo fún un títí ó fi dúró, mo sì dá a padà díẹ̀, kí ó lè mí.

Mo da iyanrìn nù, mo ṣan inú rẹ̀, mo pọn omi sí i. Wọ́n ń pe ìrun Àlàásàrì. Mo fi ọwọ́ òsì gbé e, mo da omi sí ọ̀tún. Mo fi ọ̀tún gbé e, mo da omi sí òsì. Kò mì.